Ilẹ̀kùn Tí Káfíńtà Fi Sílẹ̀

Ògiri ló kọ́kọ́ ké. Aránṣọ ń rán apá búláòsì kan nígbà tí ọ̀pá irin wọ inú sìmẹ́ǹtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ férémù ilẹ̀kùn rẹ̀, gbì, tí eruku funfun sì dà sórí aṣọ oníbàárà. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì. Ó tún dún lẹ́ẹ̀kejì, ògiri sì là láti òkè dé ilẹ̀.

Ọkùnrin méjì ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Gìrìpá ni wọ́n ń pe èyí tó ń fi ọ̀pá irin gún ògiri. Ọrùn rẹ̀ nípọn bíi ti màlúù, kì í sì í fi ẹnu sọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá lè sọ. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni ìkejì, òun ló di òòlù mú, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọwọ́ ìgbálẹ̀. Lẹ́yìn wọn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa ká ọwọ́ gbera, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Gbogbo ilé ló mọ ẹ̀rín yẹn. Òun ni wọ́n fi ń pè é ní Ẹlẹ́rìn-ín.

"Aránṣọ," ó wí, "mo ní kí o kó jáde lọ́jọ́ Ajé. Òní ti di Ọjọ́bọ̀."

"Ẹ̀yin lẹ gba owó ọdún méjì lọ́wọ́ mi, sà. Ọdún náà ò tíì gbéra."

"Mo ti rí ẹlòmíì tó fẹ́ yàrá."

"Ẹ dá owó mi padà nígbà náà."

Ẹ̀rín rẹ̀ fẹ̀ sí i. "Owó tó bá ti wọ àpò mi, ó ti sùn. Mi ò sì í jí ẹni tó bá sùn."

Ọkùnrin yìí kọ́ ló ni ilé náà tẹ́lẹ̀. Màmá Onílé ló ni ín, obìnrin àgbà kan tó ń dá gbé, tó máa ń wá wo ilé rẹ̀ pẹ̀lú agbòòrùn lábẹ́ abíyá. Kì í kanlẹ̀kùn. Ó kàn máa ń ṣí i wọlé ni, á ní, "Ilé mi ni, ta ni mo fẹ́ tọrọ ààyè lọ́wọ́ rẹ̀?" Á jókòó sórí àpótí aránṣọ, á máa fi ẹnu rán aṣọ tí ẹlòmíì ń fi ọwọ́ rán. Lójijì ló dẹ́kun wíwá. Ẹlẹ́rìn-ín ló wá dípò rẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ àti agbòòrùn rẹ̀. Ó ní ọmọ Màmá lòun, ó ní Màmá ti lọ gba ìtọ́jú níbi tó jìnnà. Ó tẹ fóònù níṣojú gbogbo wọn, ohùn Màmá sì jáde, ó ń gbọ̀n: "Ẹ gbọ́ tirẹ̀." Wọ́n ní àìsàn ló ń gbọ̀n án. Wọ́n sanwó.

Ọ̀pá irin tún wọlé. Ilẹ̀kùn náà mì, kò ya. Ọkọ aránṣọ, tó jẹ́ káfíńtà, ló kan án kó tó kú. Gbogbo ọjọ́ ayé ọkùnrin náà ló fi yálé gbé. Ó máa ń sọ pé, "Ilé lè má jẹ́ tiwa, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn á jẹ́ tiwa." Nígbàkigbà tí wọ́n bá ń kó láti yàrá kan sí òmíràn, ilẹ̀kùn yẹn ló máa ń kọ́kọ́ gun ọmọlanke, férémù tẹ̀ lé e, ìyàwó tẹ̀ lé férémù. Ó kan ìṣó idẹ méjì sí etí rẹ̀, yáàdì kan géérégé láàrin wọn, kí ìyàwó rẹ̀ lè máa wọn aṣọ láìwá tépù kiri. Ọ̀nà wọ́ọ́rọ́wọ́ kan sì wà tí ilẹ̀kùn náà fi ń bọ́ kúrò lára férémù. Aránṣọ mọ̀ ọ́n. Ó wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń làágùn, kò sọ ọ́.

Atúnrédíòṣe tó ń gbé yàrá kejì jáde síta pẹ̀lú wáyà lọ́rùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò láṣẹ ìyẹn," ó wí. "Ilé ẹjọ́ ló ń lé èèyàn kúrò nílé, òòlù kọ́."

"Níbo lo ti kà á?"

"Mo gbọ́ ọ lórí rédíò."

"Rédíò," ni Ẹlẹ́rìn-ín wí jẹ́jẹ́, ó sì mi orí sí Gìrìpá.

Ọ̀pá irin náà fò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Gbogbo ẹni tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọ́ bí egungun apá ṣe dá, bí ìgbà tí èèyàn bá dá igi gbígbẹ. Atúnrédíòṣe kò ké. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń wo apá rẹ̀ bíi pé apá ẹlòmíì ni. Aránṣọ fò mọ́ Gìrìpá lọ́rùn. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ fi irun fà á sẹ́yìn, ó gbé e lulẹ̀, ó sì ta á nípàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà títí tí èémí fi tán lẹ́nu rẹ̀. Ibẹ̀ ló sùn sí tó fi rí ilẹ̀kùn rẹ̀ tó ń lọ, tòun ti férémù, lórí èjìká ọkùnrin méjì, tí ìṣó idẹ ń dán lára rẹ̀ bí ojú ẹni tó ń wẹ̀yìn.

"Bí mo bá tún bá ọ níbí," ni Ẹlẹ́rìn-ín wí lókè orí rẹ̀, "òrùlé ló kàn."

Lẹ́yìn tó ti gbé atúnrédíòṣe dé ọsibítù, aránṣọ gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì kan lókè ilé ìtajà bàtà, níbi tí wọ́n ti ń gbèjà àwọn ayálégbé lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́yà tó wà níbẹ̀ jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tó ń jẹ bisikíìtì, tí èérún rẹ̀ wà lórí gbogbo fáìlì.

"Ẹ jẹ owó ilé?"

"Rárá, mà."

"Kódà kí ẹ jẹ ẹ́. Onílé gbọ́dọ̀ fún yín lákòókò, kó sọ ìdí rẹ̀, kó sì gbé yín lọ síwájú adájọ́. Kò gbọdọ̀ já iná yín. Kò gbọdọ̀ dí omi yín. Kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ilẹ̀kùn yín, àfi tó bá fẹ́ kàn án."

"Màmá Onílé wa kì í kàn án, mà. Èèyàn rere sì ni."

"Onílé rere náà gbọ́dọ̀ kanlẹ̀kùn. Yàrá tí ẹ bá ti sanwó rẹ̀, yàrá yín ni títí owó náà fi máa tán."

Gbólóhùn yẹn bà lé aránṣọ lọ́kàn bí ẹyẹ ṣe ń bà lé okùn aṣọ. Láti ìgbà tó ti dáyé, kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe yàrá kankan ní tirẹ̀.

"Màmá Onílé ọ̀hún dà?" ni lọ́yà bi í.

"Ọmọ rẹ̀ ní ó lọ gba ìtọ́jú."

"Ọmọ mélòó ló bí?"

Aránṣọ lanu láti dáhùn, ó sì pa á dé. Ó rántí Màmá lórí àpótí, tó ń sọ pé, "Ọlọ́run ò fún mi lọ́mọ, ayálégbé ló fún mi. Ẹ̀yin lẹ wá ń yọ mí lẹ́nu dípò wọn." Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà ni.

"Kò bímọ, mà."

"Ẹ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ tí ẹ fi sanwó fún ọmọ rẹ̀?"

"Ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ wá, tó ń pe èèyàn ní Màmá, ta ló máa bi í pé inú ta ló ti jáde? A rò pé ọmọ àbúrò ni, tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n. Ọmọ ṣáà ni ọmọ."

Lọ́yà gbé bisikíìtì sílẹ̀. "Ẹ dìde," ó wí. "Ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ti ilé."

Ìńsípẹ́kítọ̀ tí wọ́n bá ní àgọ́ ọlọ́pàá jẹ́ ọkùnrin gíga tó ti rẹ̀, igi ìtayín wà létí ẹnu rẹ̀.

"Ìjà onílé àti ayálégbé, a kì í dá sí i," ó wí. "Ẹ lọ bá ara yín sọ ọ́ nílé."

"Ẹ máa dá sí apá tó kán, ṣé?" ni lọ́yà bi í. "Ẹ máa dá sí arúgbó tí ẹnikẹ́ni ò rí mọ́?"

Igi ìtayín náà dúró. Ó kọjú sí aránṣọ. "Ìgbà wo lo rí i gbẹ̀yìn?"

"Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, sà."

"Ohùn rẹ̀ lórí fóònù, báwo ló ṣe rí?"

"Ó ń gbọ̀n."

"Àìsàn, àbí ẹ̀rù?"

Aránṣọ wo ilẹ̀. "Àìsàn la pè é nígbà yẹn, sà."

Nígbà tí ọlọ́pàá dé ilé náà, Ẹlẹ́rìn-ín ti wà lórí àkàbà, ó ń fi ọwọ́ han Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ páànù tí wọ́n máa kọ́kọ́ ṣí. Tọkọtaya kan dúró sínú àgbàlá pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì lórí ọmọlanke. "Àwa la fẹ́ kó wọlé," ni ọkọ ń ṣàlàyé fún ẹni tí kò bi í. Bàbá arúgbó kan tó jókòó sórí àpótí aṣọ rẹ̀ dá a lóhùn pé, "Yàrá wo? Èmi náà ti sanwó yàrá yẹn."

Ẹlẹ́rìn-ín rí aṣọ ọlọ́pàá. Ẹ̀rín rẹ̀ kò yẹ̀. Láti orí àkàbà ló ti fò gun ògiri ẹ̀yìn, ìgò fífọ́ tó wà lórí rẹ̀ fa ìdajì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ya, ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn sílẹ̀ lára sìmẹ́ǹtì. Ọlọ́pàá kékeré kan gbá a lẹ́sẹ̀ mú. Gìrìpá jáde láti ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀, ó sọ ọ̀pá irin lu akoto ọlọ́pàá náà, ọkùnrin náà sì ṣubú bí àpò yanrìn. Mọ́tò akẹ́rù kan ké nínú àdúgbò ẹ̀yìn. Kí Ìńsípẹ́kítọ̀ tó yí ilé ká, eruku nìkan ló kù.

"Ibo ló ń gbé?" ó bi gbogbo wọn.

Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ẹni tó ń gbowó ilé lọ́wọ́ wọn, kò sẹ́ni tó mọ ilé tirẹ̀.

Àwọn ọlọ́pàá ń wá èèyàn kiri. Ilẹ̀kùn ni aránṣọ ń wá ní tirẹ̀. Ó ti rí Ẹlẹ́rìn-ín rí tó ń ṣa ìṣó wíwọ́ nílẹ̀ àgbàlá, tó ń fi òkúta lù ú kó lè tọ́, tó sì ń kó o sápò ṣẹ́ẹ̀tì olówó ńlá. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò ní sọ ilẹ̀kùn onígi gidi sígbó. Yálà ó tà á, tàbí ó ń lò ó. Ó bọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń ta pákó, ó ń bi wọ́n láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, títí tó fi kan bàbá kan tí lẹ́ẹ̀dì wà létí rẹ̀.

"Ilẹ̀kùn tó ní ìṣó idẹ méjì létí?" ni bàbá náà wí. "Ó kọjá níbí. Wọn ò tà á. Tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló sọ̀ kalẹ̀ wá ra àgádágodo lọ́wọ́ mi, èyí tó tóbi jù. Ó ní ìta lòun ti fẹ́ máa tì í. Mo ní kí ló wà nínú ilé tí ẹ ń ti láti ìta? Ó ní ewúrẹ́ ni." Ó fi lẹ́ẹ̀dì họ etí. "Láti ọjọ́ tí mo ti ń ta pákó, ìyẹn lewúrẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ra irú àgádágodo bẹ́ẹ̀ fún."

"Ọ̀nà ibo ni wọ́n gbà, bàbá?"

"Apá ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Ilé kan wà lẹ́yìn ibẹ̀ tí wọn ò kọ́ parí."

Aránṣọ rí ilé náà láti ọ̀nà jíjìn. Ògiri láìrẹ́, fèrèsé tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù dí, òkìtì òkúta funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kòtò jíjìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń tàn sí ẹ̀gbẹ́ ilé náà, níbi tí ohun méjì tí kò ju orí èékánná lọ ti ń dán. Ó pe lọ́yà lórí fóònù.

"Mo ti rí ilẹ̀kùn mi, mà."

"Níbo?" Ó sọ fún un. "Ẹ dúró síbi tí ẹ wà," ni lọ́yà wí. "Ẹ má sún mọ́ ọn. Èmi àti Ìńsípẹ́kítọ̀ ti ń bọ̀."

Ó fẹ́ gbọ́ràn. Ó ti jókòó sẹ́yìn òkìtì òkúta. Ìgbà yẹn ni ikọ́ kan jáde láti inú ilé náà, ikọ́ gígùn tó máa ń parí sí "yéè, ayé", ikọ́ tó ti máa ń gbọ́ lórí àpótí rẹ̀ láti ọdún yìí wá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbé e dìde kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀. Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e.

"Màmá?"

"Ta nìyẹn?" ni ohùn náà wí.

"Èmi ni, aránṣọ."

"Sá lọ, ọmọ mi."

Ọwọ́ ńlá kan ti dé ọrùn rẹ̀ kí Màmá tó sọ ọ́ tán.

Inú ilé náà ń rùn fún sìmẹ́ǹtì tútù. Gìrìpá jù ú sílẹ̀ níwájú Màmá Onílé, tó jókòó sórí àpò ṣófo, tí ojú rẹ̀ kan wú tó fi dí. Ẹlẹ́rìn-ín wọlé tẹ̀ lé wọn. Ó ti pààrọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì.

"Ta lo sọ fún?"

"Kò sí."

Ó gbá a létí. "Ta lo sọ fún?"

"Ilẹ̀kùn mi ni mo wá gbà."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bú sẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. "Ọ̀gá, ẹ rí i? Obìnrin yìí fẹ́ kú nítorí pákó."

Ẹlẹ́rìn-ín kò bá a rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀rín tirẹ̀. Ó gba fóònù aránṣọ, ó yí sí Màmá. "Màmá, ẹni tó fẹ́ ra ilé ń bọ̀ ní alẹ́ òní. Ẹ máa sọ níwájú rẹ̀ pé ọmọ yín ni mí, pé mo láṣẹ láti tà á. Láti ọjọ́ yìí lẹ ti ń ṣagídí."

"Mi ò bí ẹ," ni Màmá wí.

"Màmá."

"Mi ò bí ẹ. Bó o fẹ́ kí n tún un sọ, màá tún un sọ."

Ẹlẹ́rìn-ín bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ọwọ́ ọ̀tún aránṣọ, ó tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ lọ aṣọ. "Ọwọ́ yìí ló fi ń jẹun, àbí?" Ó di ìka kékeré mú, ó sì ṣẹ́ ẹ sẹ́yìn. Ìró rẹ̀ kò pọ̀. Igbe aránṣọ ló pọ̀, ó kún yàrá náà, ó sì lọ bá òkúta níta. "Ó ku mẹ́rin lọ́wọ́ yìí," ni Ẹlẹ́rìn-ín wí.

"Dúró," ni Màmá wí. Ohùn rẹ̀ ti gbọ̀n báyìí, bíi ti ọjọ́ tó sọ̀rọ̀ lórí fóònù. "Mo gbọ́. Màá sọ ọ́. Má fọwọ́ kàn án mọ́."

Ibẹ̀ ni fóònù aránṣọ ti dún lọ́wọ́ Ẹlẹ́rìn-ín. Ó wò ó. *Lọ́yà*, ni fóònù wí. Ó ju fóònù náà mọ́lẹ̀, ó sì fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ fọ́.

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, lọ gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróò inú mọ́tò wá. A ò tà á mọ́. Bí kò bá sí Màmá, kò sí ẹni tó máa bi mí níbéèrè."

Wọ́n jáde. Àgádágodo dún láti ìta. Wọ́n gbọ́ tí Gìrìpá wọ́ búlọ́ọ̀kù kan, tó jókòó lé e, tó sì fi ẹ̀yìn ńlá rẹ̀ ti ilẹ̀kùn.

Aránṣọ fi ọwọ́ òsì wá etí ilẹ̀kùn nínú òkùnkùn náà. Ìṣó kan. Ó na apá sókè. Ìṣó kejì. Yáàdì kan géérégé. Ó gbé iwájú orí lé igi náà, ó sì dà bíi pé ẹnì kan gbé ọwọ́ lé e lórí láti apá kejì ayé.

"Màmá, ẹ lè dìde?"

"Pákó tí wọ́n kọ́kọ́ fi tì mí mọ́bí, mo gbá a já lẹ́ẹ̀mejì," ni Màmá wí. "Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe lọ wá èyí. Èyí ò ṣe é gbá."

"A ò ní gbá a. Gbígbé la máa gbé e." Ó sọ̀rọ̀ sísàlẹ̀. "Àwa tá à ń yálé gbé ni ọkọ mi kan án fún. Bí èèyàn bá ti inú fi èjìká gbé e sókè níwọ̀n ìka kan, ó máa bọ́ lára híńjì, á wá sínú."

"Gbogbo bí wọ́n ṣe fọ́ ògiri mi yẹn?"

"Wọn ò bi mí, Màmá."

Arúgbó náà rẹ́rìn-ín, ikọ́ fẹ́ gbà á, ó fi aṣọ dí i mọ́ ẹnu. Wọ́n gbé èjìká méjì sábẹ́ igi ìdábùú ilẹ̀kùn náà, èjìká tó ti gbó àti èjìká tó ti bó. Wọ́n gbé e. Kò mì. Òórùn bẹntiróò ti ń bọ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn. Wọ́n tún gbé e, híńjì sì ké jẹ́ẹ́, bí ẹni tó jí lójú oorun.

"Ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́," ni aránṣọ wí.

Ilẹ̀kùn bọ́. Gbogbo ìwúwo Gìrìpá tẹ̀ lé e wọlé, ìṣó àgádágodo já kúrò nínú férémù, ọkùnrin náà sì ṣubú sẹ́yìn, orí rẹ̀ lu ilẹ̀ gbóógì. Ojú rẹ̀ ń wo òkè, ó ń wá ibi tí ilẹ̀kùn lọ. Ọ̀pá irin rẹ̀ yí dé ẹsẹ̀ aránṣọ. Ó fi ọwọ́ òsì gbé e, ó rántí apá atúnrédíòṣe, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ lórí orúnkún ọkùnrin náà. Gìrìpá, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, wá rí ọ̀rọ̀ sọ lọ́jọ́ náà.

Wọ́n jáde sínú ìmọ́lẹ̀, ọwọ́ nínú ọwọ́. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń bọ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì. Ó rí àwọn obìnrin méjèèjì, ó gbọ́ igbe Gìrìpá, ó ju kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀, ó sì sá. Ẹlẹ́rìn-ín kò sá. Ó ti Màmá ṣubú, ó di aránṣọ lọ́rùn láti ẹ̀yìn, ó gbé kẹ́ẹ̀gì, ó sì da bẹntiróò lé e láti orí dé àyà. Bẹntiróò ta aránṣọ lójú. Mọ́tò ọlọ́pàá dúró lẹ́yìn òkìtì òkúta, Ìńsípẹ́kítọ̀ ti fò sílẹ̀ pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́, lọ́yà sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ láìní bàtà lẹ́sẹ̀.

"Ẹ dúró níbẹ̀," ni Ẹlẹ́rìn-ín wí. Ìṣáná onígáàsì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹni tó bá tún gbé ẹsẹ̀ kan, màá tàn án."

"Ju ú sílẹ̀," ni Ìńsípẹ́kítọ̀ wí.

"Ẹ ju ìbọn tiyín sílẹ̀ ná."

Ó ń fi ẹ̀yìn rìn lọ sí ẹ̀bá kòtò, ó ń wọ́ obìnrin náà. Àtàǹpàkò rẹ̀ wà lórí ìṣáná. Ìńsípẹ́kítọ̀ tẹ ìbọn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò sẹ́ni tó wo ọwọ́ òsì aránṣọ. Ẹni tó ń ránṣọ kì í jáde láìsí píìnì lára kọ́là rẹ̀. Ibẹ̀ ló máa ń tọ́jú wọn sí bó bá ń wọn aṣọ oníbàárà, ó sì máa ń gbàgbé wọn síbẹ̀. Ó fa mẹ́ta yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gún gbogbo wọn wọ ọwọ́ tó di ìṣáná mú, lábẹ́ àtàǹpàkò, títí tí orí wọn fi kan awọ.

Ẹlẹ́rìn-ín ké. Ìṣáná bọ́ sínú eruku òkúta láìtàn. Aránṣọ já kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, Màmá, tó ti ń rákòrò tẹ̀ lé wọn, fi ọwọ́ méjèèjì gbá Ẹlẹ́rìn-ín lẹ́sẹ̀ mú bí ẹni tó gbá òpó, ó sì dojú bolẹ̀ ní ẹ̀bá kòtò. Orúnkún Ìńsípẹ́kítọ̀ ti wà lẹ́yìn rẹ̀ kó tó mí. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dún. Nígbà tí wọ́n yí i padà, ẹnu rẹ̀ ṣì là, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti jáde kúrò níbẹ̀ bí ayálégbé tí wọ́n lé.

Ọlọ́pàá kékeré tó fi aṣọ di orí ti mú Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ nínú ihò òkúta kan tí kò gbà á tán.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Ìńsípẹ́kítọ̀ jókòó kọjú sí Ẹlẹ́rìn-ín.

"Kí lo jẹ́ sí Màmá?"

"Ọmọ rẹ̀ ni mí. Ọ̀rọ̀ ẹbí ni."

"Inú ta lo ti jáde?"

 Wọ́n mú Màmá wọlé. Ó wò ó pẹ̀lú ojú kan tó là.

"Dírẹ́bà tó ń gbé mi lọ sí ọsibítù ni," ó wí. "Ó máa ń pè mí ní Màmá, mo máa ń dá a lóhùn. Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé ta ló máa jogún ilé mi. Mo ní kò sí. Mo rò pé àánú mi ló ń ṣe é."

"Kò tíì tán," ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí láti igun yàrá, ó ń sunkún. "Ilé mẹ́ta míì ti wà, sà. Ó máa ń gba owó ọdún méjì, ó máa ń lé wọn, ó máa ń gba tẹlòmíì. Èmi kàn ń gbé òòlù ni."

"Dákẹ́, aláìmoore," ni Ẹlẹ́rìn-ín wí.

"Òótọ́ ni, àbí irọ́ ni?" ni Ìńsípẹ́kítọ̀ bi í.

Ọkùnrin náà wo ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n ti yọ píìnì kúrò. "Òótọ́ ni," ó wí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, ilé dé ilé, títí omi tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ fi tán.

"Ó ku ìbéèrè kan," ni Ìńsípẹ́kítọ̀ wí. "Gbogbo owó yẹn wà lọ́wọ́ rẹ, kí ló dé tó ò ra ilẹ̀kùn?"

"Igi gidi ni," ni Ẹlẹ́rìn-ín wí. "Ó dùn mí láti sọ ọ́ nù."

Ìńsípẹ́kítọ̀ rẹ́rìn-ín títí igi ìtayín fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́yà kó gbogbo ilé jọ sínú àgbàlá, ó ní ẹni tó wà nínú yàrá máa dúró síbẹ̀, àti pé nínú owó tí wọ́n bá gbà padà lọ́wọ́ olè ni àwọn tó sanwó láìríbi gbé, títí kan tọkọtaya oníbẹ́ẹ̀dì, ti máa gba tiwọn. Bàbá arúgbó àpótí bi í bóyá ó dájú. Ó ní ó dájú. Bàbá náà bọ́ fìlà, ó jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó sì sunkún díẹ̀. Atúnrédíòṣe, tí apá rẹ̀ wà nínú ìdè funfun, ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ pé òun ti gbọ́ gbogbo ẹ̀ lórí rédíò tẹ́lẹ̀.

Ọmọlanke ló gbé ilẹ̀kùn padà, bó ṣe máa ń rìnrìn àjò rẹ̀. Bíríkìlà rẹ́ férémù mọ́ ògiri. Aránṣọ fi èjìká gbé ilẹ̀kùn sórí híńjì fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́. Ó tì í. Ó dúró láàrin yàrá rẹ̀, ìka rẹ̀ nínú aṣọ dídì, ó ń gbọ́ bí ariwo ayé ṣe dúró sóde.

Ó ti ń fa aṣọ búláòsì náà láti ìṣó sí ìṣó nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, agbòòrùn tó ń kan ilẹ̀, ikọ́ gígùn kan, "yéè, ayé". Ẹsẹ̀ náà dúró níwájú ilẹ̀kùn. Aránṣọ ti ń wo ibi ìmú rẹ̀, kó rí i kó yí bó ṣe máa ń yí.

Kò yí.  Lẹ́yìn náà, Màmá Onílé kanlẹ̀kùn, kó, kó, kó, ó sì dúró síta.

"Ta nìyẹn?" ni aránṣọ bi í, bó tilẹ̀ mọ̀.

"Èmi ni. Ṣé kí n wọlé?"